Géèmù ogun kékeré bí èyí tá a ta lórí Nokia nígbà èwe: mo fẹ́ ṣe tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Bodè_Kétu · Àbámẹ́ta, 20:47

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo Nokia onítẹ̀ nígbà tá a wà ní CEG (ilé-ìwé girama), ẹ máa rántí géèmù Java kan tó ń jẹ́ Ancient Empires. Ọdún 2004 ló jáde, apá kejì ẹ̀ jáde ní 2005. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni fóònù, èmi àti ọmọ àǹtí mi la máa ń jókòó síta lẹ́yìn ilé-ìwé, bí mo bá ta tèmi tán màá gbé e fún un, òun náà á ta tiẹ̀ á gbé e padà, bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn títí bátìrì á fi kú tàbí tí ẹ̀gbọ́n á fi wá gba fóònù ẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ ogun yẹn pín sí ojú ilé ojú ilé, jagunjagun rẹ á wọ abúlé á gbà á, abúlé tó o bá gbà á máa mú owó wá ní gbogbo ìgbà tó bá kàn ẹ́, owó yẹn lo fi máa ra ọmọ ogun míì. Tí gbogbo tìẹ bá ti rìn tán, ó di ti ẹnì kejì. Kò sí ìkánjú níbẹ̀, o lè ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo fẹ́ ṣe tèmi. Èmi fẹ́ kó jẹ́ Kétu: odi, yàrà tó yí ìlú ká, bodè Àkàbà Ìdẹ́nà fúnra ẹ̀, àwọn ọdẹ, àwọn tafàtafà, ẹlẹ́ṣin, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wà lójú ẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ní RAM 4 GB, mo ti ń kọ́ Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, láti bí oṣù mẹ́ta. Ètò mi ni oríṣi ọmọ ogun 14, máàpù 20, ìtàn láàrin wọn, kéèyàn sì lè bá ẹni tó wà ní Kùtọnu ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ojú kan ni mo wà. Àwọn ọmọ ogun mi ń gba inú odi kọjá, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè jẹ́ kí ojú ilé tí wọ́n lè dé máa tàn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá àwòrán ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe àbí kóòdù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yìí rí, ẹ ràn mí lọ́wọ́, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀.


Ọmọ_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Àbámẹ́ta, 21:05

Àbúrò, mo ta géèmù yẹn dáadáa! O rántí kànnàkànnà ńlá tó ń ju òkúta yẹn, tó jẹ́ pé tó bá ti rìn kò lè jù mọ́ títí á fi tún kàn ẹ́? Irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ló mú kó dùn, torí ó di dandan kó o ti ronú sílẹ̀ kó o tó gbé e kúrò níbi tó wà.

Tìẹ wá. Oríṣi 14 àti máàpù 20, gé e, gé e gan-an. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí ní 2019, ọdún méjì ni mo lò sí i. Mo ya oríṣi ọmọ ogun mẹ́sàn-án, mo kọ ìtàn tó kún ìwé kan, mo ya àwọn òkè wa sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ ogun méjì lu ara wọn nínú géèmù yẹn. Ìgbà tí díìsì kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́ gbogbo ẹ̀ bá a lọ, n ò ní ẹ̀dà kankan níbì kankan. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Nítorí náà, nǹkan méjì: oríṣi mẹ́rin, máàpù kan, èèyàn méjì lórí fóònù kan bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀ pátápátá. Èkejì, lálẹ́ tó o bá ti ṣiṣẹ́, ṣe ẹ̀dà sórí kílé USB, kó o sì fi òmíì sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó o bá ní forfait (dátà).


Akọ́mọ_Ní_Kóòdù · Àbámẹ́ta, 21:40

Ẹ kú ìjókòó. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kóòdù ní ẹ̀gbẹ́ Calavi, ìṣòro odi yìí ni mò ń rí lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Àwòrán odi lo gbé síbẹ̀, o ò tíì sọ fún géèmù pé ojú ilé yẹn ò ṣé wọ̀. Ohun tí ojú ń rí yàtọ̀ sí ohun tí géèmù mọ̀. Ṣe tábìlì kan nínú kóòdù, 8 lọ́nà 10, kó o kọ sínú ojú ilé kọ̀ọ̀kan ohun tó jẹ́: ọ̀nà, igbó, òkè, odi, yàrà. Àwòrán á wá máa wo tábìlì yẹn ṣe, kì í ṣe kí tábìlì máa wo àwòrán. Tó o bá ṣe é báyìí, o lè máa fi onígun mẹ́rin aláwọ̀ pupa àti búlúù dán gbogbo ẹ̀ wò láìní àwòrán kankan, nítorí náà ìbéèrè rẹ ti àwòrán àti kóòdù ti ní ìdáhùn: kóòdù ṣáájú.

Ti ojú ilé tó yẹ kó tàn, má ṣe wàhálà. Irinṣẹ́ kan tó ń wá ọ̀nà, AStarGrid2D, wà nínú Godot 4 fúnra ẹ̀, fi set_point_solid (ibi tí kò ṣé wọ̀) sí gbogbo odi, fi set_point_weight_scale (ibi tí ìrìn ti le) sí igbó àti òkè, ó á bá ẹ ṣe gbogbo ẹ̀.


Ọfà_Tó_Gún · Àbámẹ́ta, 22:18

Ẹ̀gbọ́n Akọ́mọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, òótọ́ lẹ sọ lórí tábìlì, àmọ́ ti AStarGrid2D yẹn ò ní bá a ṣe gbogbo ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó wá ọ̀nà láti ojú ilé kan lọ sí ojú ilé kan. Kò ní sọ fún un gbogbo ibi tí ọmọ ogun lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun míì tún wà tó ti fìyà jẹ mí ní alẹ́ méjì: bí wọ́n ṣe gbé e fún wa, ó gbà kéèyàn rìn níkòròkòrò, ìyẹn ni pé ọmọ ogun lè yọ́ gba àárín igun odi méjì kọjá. Àbúrò, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ṣe ẹ́ gan-an nìyẹn. Lọ síbi diagonal_mode kó o yí i sí DIAGONAL_MODE_NEVER.

Ní ti títàn, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, kò ju ìlà 25 lọ. Wò ó bí owó. Fún ọmọ ogun ní owó ìrìn 4. Ọ̀nà ń gba 1, igbó ń gba 2, òkè ń gba 3, odi kò ṣé rà rárá. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilé tó dúró sí, wo mẹ́rin tó yí i ká, yọ owó, kọ iye tó ṣẹ́ kù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mú ojú ilé tí owó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ pọ̀ jù, ti ibẹ̀ wo àwọn tó yí òun náà ká. Tó o bá dé ibi tó o ti dé tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí owó tó ṣẹ́ kù lọ́tẹ̀ yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kó o kọ tuntun. Nígbà tí owó bá tán níbi gbogbo, gbogbo ojú ilé tí nọ́ńbà wà lórí ẹ̀ ni kó tàn. Ọmọ Holland kan, Edsger Dijkstra, ló tẹ ọgbọ́n yìí jáde ní 1959, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pè é, tó o bá wá Dijkstra lórí íntánẹ́ẹ̀tì wàá rí àwòrán tó ṣàlàyé ẹ̀.


Akọ́mọ_Ní_Kóòdù · Àbámẹ́ta, 22:31

Ọfà, o ṣeun, òótọ́ ni, mo gbàgbé ti ìkòròkòrò yẹn pátápátá. Kó fi Dijkstra tan ojú ilé, nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀ yẹn náà á fi ọ̀nà hàn án padà, kò tiẹ̀ nílò AStar mọ́.


Àgbà_Ayò · Àìkú, 06:52

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló ń ka àwọn nǹkan wọ̀nyí fún mi láàárọ̀ yìí, òun náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. N ò mọ kóòdù, ṣùgbọ́n mo mọ ayò, láti kékeré ni mo ti ń ta á ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọpọ́n ayò, ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, òfin ẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ ènìyàn lè ta á fún àádọ́ta ọdún kó máa rí ohun tuntun nínú ẹ̀. Kì í ṣe oríṣi ọmọ ogun 14 ló ń mú nǹkan jinlẹ̀. Bí nǹkan mẹ́rin ṣe ń kan ara wọn ni.

Kí ọmọkùnrin yìí pa kọ̀ǹpútà ẹ̀ ná. Kó mú páálí, kó fi bírò pín in, kó wá ìdérí ìgò, kó ya ọfà sórí òmíì, kó ya idà sórí òmíì. Kó pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n ta á. Ibi tí wọ́n bá ti ń jiyàn pé òfin ò sọ báyìí, ibẹ̀ ni òfin ti ṣófo, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń yán, kó yọ ọ́ kúrò. Láàrin ọjọ́ kan á mọ ohun tí kóòdù oṣù kan ò ní lè sọ fún un.

Mo sì bẹ̀ ẹ́, má fi tẹ́tẹ́ sí i, kó má jẹ́ oríire ló ń pinnu ẹni tó borí. Kí gbogbo ohun tó wà lójú pátákó hàn sí àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kó mọ̀ pé òun ò ríran tó.


Ọmọ_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Àìkú, 09:20

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn páálí, ká ní mo ti gbọ́ ọ ní 2019. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n yàtọ̀ díẹ̀. Ogun ò dà bí ayò, ọfà lè tàsé. Géèmù ogun kan wà tó ń jẹ́ Wesnoth, ọ̀fẹ́ ni, 2003 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó bá wà nínú abúlé, 60 nínú 100 ni wọ́n fi ń yẹ idà, tí wọ́n bá wà ní pápá gbalasa ó dín kù. Ìyẹn ló ń mú kí ọkàn ẹ máa lù kì kì kì kó o tó tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá sí i, géèmù á di ìṣirò lásán.


Ìyá_Ìbejì_Wándo · Àìkú, 10:03

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 11, wọ́n ta irú ẹ̀ tó ní tẹ́tẹ́ lórí fóònù mi. Ọmọ á rí i pé òun ní 80 nínú 100 láti lu ọ̀tá, á tẹ̀ ẹ́, á tàsé, á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tàsé, lẹ́yìn ìyẹn á gbé fóònù jù sílẹ̀ á ní kọ̀ǹpútà ń rẹ́ òun jẹ. Ẹ lè ṣàlàyé ìṣirò fún un títí, ohun tó dùn ún kọ́ nìyẹn. Ó ti ronú, ó ti ṣe ohun tó tọ́, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà lórí èyí.

Àwọn nǹkan tí mo mọ̀ dáadáa ni àwòrán àti lẹ́tà, torí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní ọjà Wándo. Àbúrò, má lọ yọ àwòrán kúrò nínú fáìlì .jar ti géèmù Java àtijọ́ yẹn o, mo mọ̀ pé ó rọrùn, àwọn kan á gbà ẹ́ níyànjú bẹ́ẹ̀. Òfin bí wọ́n ṣe ń ta géèmù kò sẹ́ni tó ni ín, o lè lo ojú ilé, abúlé àti owó bó ṣe wù ẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán, orin, orúkọ àti kóòdù ní olówó. Lọ sórí ìkànnì Kenney, àwòrán ibẹ̀ jẹ́ CC0, èyí túmọ̀ sí pé o lè lò ó, kó o yí i padà, kó o tiẹ̀ tà á. Fi tiwọn bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kó o máa fi tìẹ rọ́pò wọn díẹ̀díẹ̀. Ya wọn ní píkísẹ́lì 16 lọ́nà 16. Jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ síra nínú òjìji, kì í ṣe nínú àwọ̀ nìkan: tafàtafà kí ọrun ẹ̀ gùn kọjá orí, ẹlẹ́ṣin kó fẹ̀, ọdẹ kó ní fìlà. Fóònù tí ojú ẹ̀ ti fọ́ tí wọ́n ń lò nínú oòrùn, àwọ̀ kì í hàn níbẹ̀.

Lẹ́tà ló máa gba àkókò ẹ. Àwọn fọ́ńtì oní-píkísẹ́lì tó rẹwà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì lórí. Ẹ́ wa kò ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó wá gbé àmì lé e, nítorí náà àmì á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di onígun mẹ́rin òfìfo. Lo fọ́ńtì Noto Sans tàbí Andika, kó o sì wà lórí Godot 4, torí Godot 3 kò mọ bí wọ́n ṣe ń to àmì lé lẹ́tà dáadáa. Màmá mi, kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà àwọn àgbàlagbà ló ti kọ́ Yorùbá kíkà, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ti ìlú wa, ó máa ń sọ pé ti Nàìjíríà yẹn ń pọ́n òun lójú. Kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú géèmù rẹ sínú fáìlì kan ṣoṣo kó o lè ní ẹ̀dà méjì, ti ẹ àti ti ɛ. Tó o bá fọ́n wọn ká inú kóòdù, o ò ní lè ṣe é mọ́.


Ọfà_Tó_Gún · Àìkú, 11:15

Lórí tẹ́tẹ́, mo rò pé ọ̀nà kẹta wà. Ẹ wo káàdì. Wọ́n á há a ná, o ò mọ ohun tó máa bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ, o ti rí i, ìwọ lo máa ronú ohun tó o máa fi ṣe. Kí oríire ṣáájú ìrònú, kó má tẹ̀ lé e. Fún àpẹẹrẹ, kí abúlé máa bọ́ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní gbogbo ìgbà tá a bá bẹ̀rẹ̀, tàbí kí oríṣi ọmọ ogun tó ṣeé rà yí padà. Àmọ́ tí mo bá ti tẹ idà, iye tí mo rí lójú fóònù kó jẹ́ iye tó máa yọ.


Àgbà_Ayò · Àìkú, 12:40

Èyí bọ́gbọ́n mu. Mo gbà.


Ọmọ_Hogbonu · Àìkú, 15:27

Ẹ kú ọ̀sán. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè yìí. Odi Kétu, ta ló wà níta odi? Gbogbo wa mọ̀ pé Dàhòmì ni, ìjọba àwọn Fọn tí olú ìlú ẹ̀ jẹ́ Àbọ̀mẹ́. Ìyá mi Gun ni, bàbá mi Yorùbá Àjàṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi jù ọmọ Àbọ̀mẹ́ ni. Tí ọmọ ọdún 11 bá ń ta géèmù yìí lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé Fọn ni ọ̀tá ní gbogbo ìgbà, kí ló máa kó lọ sílé-ìwé? Ṣé kò ní dáa kí ọ̀tá jẹ́ ìlú kan tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé?


Ará_Kétu_Gidi · Àìkú, 17:02

Ọmọ_Hogbonu, mo gbọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ jà. Àmọ́ a ò lè sọ pé Kétu ni, ká wá fi ìlú tí kò sí rọ́pò Dàhòmì. Ní 1886 wọ́n wó Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àbọ̀mẹ́, ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Àbọ̀mẹ́ ni ìlú tó padà gbéra nílẹ̀. Nínú ilé wa wọ́n ṣì ń dárúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ. Odi yẹn àti yàrà yẹn, torí ìdí kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Tí ọmọ bá ta géèmù yìí tí kò mọ ẹni tí odi ń dènà, kí ló ta?


Ìyá_Ìbejì_Wándo · Àìkú, 17:44

Ẹ̀yin méjèèjì, ó yẹ kéèyàn lè ta ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Géèmù ẹni méjì ni, ẹnì kan á wà nínú odi, ẹnì kan á wà níta, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀. Àwọn jagunjagun obìnrin Dàhòmì, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n, ère wọn wà ní Kùtọnu, wọ́n ṣí i ní 2022, mítà 30 ni gíga ẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nínú àwọn ìbejì mi, mo mọ̀ dájú pé àwọn ló máa fẹ́ mú. Kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú iyì, kí orúkọ wọn dúró bó ṣe jẹ́, kí ìtàn kúkúrú kan wà níbẹ̀rẹ̀ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1886 láìfi nǹkan pamọ́.


Ọmọ_Hogbonu · Àìkú, 18:10

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ti pípààrọ̀ yẹn yí nǹkan padà fún mi. Tí mo bá máa ta Kétu lẹ́ẹ̀kan kí n sì ta Dàhòmì lẹ́ẹ̀kan, ó sàn púpọ̀. Àbúrò, jẹ́ kí n rí ìtàn tó o bá kọ síbẹ̀ kó o tó gbé e síta, màá fún ọ̀rẹ́ mi kà á.


Ọmọ_Bodè_Kétu · Ìṣẹ́gun, 21:33

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Bàbá, ẹ̀yin màmá. N ò lè dúpẹ́ tán. Mo yí diagonal_mode padà, wọn ò gba inú odi mọ́! Mo kọ ti Dijkstra náà, ojú ilé ti ń tàn. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Hogbonu, màá fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹnikẹ́ni tó rí i, ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa ṣeé ta.

Lánàá lẹ́yìn iṣẹ́, mo mú páálí tẹlifíṣọ̀n kan ní ṣọ́ọ̀bù, a pín in sí 8 lọ́nà 10, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì. Oríṣi mẹ́rin: onídà, tafàtafà tó lè ta ojú ilé méjì, ẹlẹ́ṣin tó ní owó ìrìn 6, ọdẹ tó le nínú igbó. Ẹ̀mí 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbára lílù jẹ́ ìdajì ẹ̀mí tó ṣẹ́ kù, ìyẹn ni pé ẹni tó ní 10 á yọ 5, ẹni tó ní 5 á yọ 2 (a kì í ka àbọ̀).

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n ò retí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọ ibi tí ẹnì kejì lè lù ú dé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lù yọ 5, ẹni tí wọ́n lù ku 5, tó bá máa dá a padà 2 péré ló lè yọ. Nítorí náà gbogbo wa dúró, a ń rìn síwá sẹ́yìn, wákàtí kan kọjá, kò sí ogun. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ó ti sú òun. Kí ni mo ṣì ṣe?


Ọfà_Tó_Gún · Ìṣẹ́gun, 22:05

O ò ṣi nǹkan kankan ṣe, àìsàn gbogbo géèmù irú èyí nìyẹn, inú mi dùn pé páálí ló fi hàn ẹ́. Wo géèmù tó o fẹ́ràn yẹn padà. Kí ló ń mú ẹ jáde níbẹ̀? Abúlé. Tó o bá jókòó sílé, ọ̀tá á gba abúlé àárín, owó á máa wọlé fún un, láìpẹ́ ọmọ ogun ẹ̀ á ju tìẹ lọ. Páálí rẹ kò ní abúlé. Fi mẹ́ta sí àárín gbùngbùn, kó jìnnà sí odi bákan náà fún àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà fi ìwọ̀n sí i: tí Kétu bá di bodè mú títí ìgbà 12 fi kọjá, ó borí. Ẹni tó wà níta á mọ̀ pé dídúró ń pa òun.


Àgbà_Ayò · Ọjọ́rú, 07:15

Nínú ayò, tó bá kàn ẹ́ o gbọ́dọ̀ ta. Kò sí pé o kọ̀. Tí ilé ẹnì kejì bá sì ṣófo, o gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa fún un ní ọmọ tó bá ṣeé ṣe. Òfin yẹn ni kì í jẹ́ kí ayò dúró. Fi irú ẹ̀ sí tìẹ, kí ó jẹ́ dandan pé ọmọ ogun kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú.


Akọ́mọ_Ní_Kóòdù · Ọjọ́rú, 08:30

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ti èyí kò ní bá ogun odi mu. Ẹni tó wà nínú odi, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dúró. Tẹ́ ẹ bá fipá mú un jáde, odi ò wúlò mọ́. Abúlé àti ìgbà 12 ti Ọfà sọ ni mo fara mọ́. Mo tún fi kún un pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ní ànfààní, ẹ fún ẹnì kejì ní owó díẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀, ẹ máa yí iye yẹn padà títí tí àwọn méjèèjì á fi máa borí bákan náà.

Nígbà tó o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá èèyàn ta, má bẹ̀rù ẹ̀. Mú ọmọ ogun kan, wo gbogbo ojú ilé tó tàn, wo gbogbo ẹni tó lè lù láti ibẹ̀, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì: iye tó máa yọ lára ọ̀tá, yọ iye tí wọ́n máa yọ lára ẹ̀ kúrò, fi díẹ̀ kún un tó bá sún mọ́ bodè, fi púpọ̀ kún un tó bá jẹ́ abúlé. Kó mú èyí tí máàkì ẹ̀ ga jù. Ọmọ ogun mẹ́fà lórí 80 ojú ilé, fóònù àtijọ́ náà á ṣe é kó o tó ṣẹ́jú. Kí kọ̀ǹpútà máa ronú ju ìgbà kan lọ síwájú ò pọndandan fún géèmù àkọ́kọ́.


Àgbà_Ayò · Ọjọ́rú, 12:08

Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ ogun odi, ẹ fi tiyín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú tèmi náà lórí páálí lẹ́ẹ̀kan, kò náni ní nǹkan.


Ọmọ_Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Ọjọ́rú, 19:50

Ohun tó kù ni bó ṣe máa dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Nígbà tó o bá ń ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú Godot, níbi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà ìyàwòrán, mú Compatibility, má mú Mobile tàbí Forward+, torí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń lò níbí, Vulkan, ètò ìyàwòrán tí méjèèjì yẹn ń lò, ò dúró dáadáa lórí wọn. Kó géèmù máa tọ́jú ara ẹ̀ sínú user:// (àpò ìpamọ́ géèmù lórí fóònù) lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá kàn ẹnì kan, iná lè lọ, bátìrì lè kú, kí ènìyàn má pàdánù ogun tó ti jà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Fún Play Store, dọ́là 25 ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o sì gbọ́dọ̀ ní èèyàn 20 tó dán an wò fún ọjọ́ 14.


Ọfà_Tó_Gún · Ọjọ́rú, 20:11

Ẹ̀gbọ́n, 20 ni tẹ́lẹ̀, fún àkáǹtì aládàáni tí wọ́n bá ṣí lẹ́yìn 13 Oṣù Kọkànlá 2023. Wọ́n ti dín in kù sí 12 ní ìparí 2024. Ọjọ́ 14 ni kò yí padà, kò sì gbọ́dọ̀ já láàrin. Àmọ́ n ò ní gbà á níyànjú pé kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó gbé e sórí ìkànnì géèmù itch.io, ọ̀fẹ́ ni, kó sì fi APK (fáìlì géèmù fún Android) ránṣẹ́ nípasẹ̀ Bluetooth bá a ṣe ń ṣe géèmù Java láyé ọjọ́sí. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láti tún fóònù ṣe, kó bi í bóyá á fẹ́ dán an wò nígbà tó ń dúró.


Ìyá_Ìbejì_Wándo · Ọjọ́rú, 20:26

Méjìlá yẹn ò le. Àwọn ìbejì mi, èmi fúnra mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta, a ti di mẹ́fà. Mú páálí yẹn wá sí Wándo ní ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ta á kó o tó kọ ìlà kóòdù míì.


Ọmọ_Bodè_Kétu · Ẹtì, 22:58

Màmá Ìbejì, mo ń bọ̀ ní Àìkú lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá mú páálí méjì wá.

A fi abúlé mẹ́ta sí àárín lánàá, a ka ìgbà 12. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà kejì! A ta á lẹ́ẹ̀marùn-ún, Kétu borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Dàhòmì lẹ́ẹ̀méjì. Mo gbìyànjú òfin Bàbá náà lẹ́ẹ̀kan, tafàtafà tó wà lórí odi ló ní láti sọ̀ kalẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi bínú, ṣùgbọ́n ìgbà tá a fi sí ẹ̀gbẹ́ Dàhòmì nìkan, pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, ó dùn gan-an, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, Bàbá.

Ẹlẹ́ṣin ti lágbára jù, owó ìrìn 6 yẹn ń jẹ́ kó gba abúlé méjì kí àwọn yòókù tó dé. Mo fẹ́ dín in kù sí 5, kí n sì sọ pé ẹlẹ́ṣin kò lè gba abúlé, onídà nìkan ló lè gbà á. Ọmọ àǹtí mi wà ní Paraku báyìí, mo pè é lálẹ́ àná, mo sọ fún un, ó ní kí n rí i pé kànnàkànnà ńlá wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé oríṣi mẹ́rin ni ná, ó ní òun á dúró.